Èmi Ni Mo Pa Update Fóònù Àǹtí Mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa nínú ọkọ̀ láàrin Òrù sí Àgọ́-Ìwòyè, ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi íápíìsì sétí ní kíláàsì, mo rí yín, olùkọ́ yín náà sì ń rí yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í gbọ́ ohùn wa, tó jẹ́ pé kíkà lẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ wa nítorí dátà, èmi náà ti wà níbẹ̀ rí, ẹ kú ìfaradà.

Lónìí, mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan.

Mo ní àǹtí kan, àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ń gbé, ẹja ni wọ́n ń tà. Wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀bá ọ̀sà, ní Ìwòpin àti Mákùn-Omi ní ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside, láti lọ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, wọ́n á sì gbé e wá sọ́jà lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo wà ní OOU ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹja àǹtí mi ló máa ń bá mi gbé oṣù dé òpin. Ohun tí èmi náà ń fi san án padà ni pé, ìgbàkúùgbà tí fóònù wọn bá ń ṣe wàhálà, èmi ni wọ́n ń pè.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ráhùn sí mi pé dátà àwọn kì í pẹ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo ra dátà lánàá, ó ti tán lónìí. Ṣé àǹjọ̀nú ló ń bá mi lò ó ni?” Mo gba fóònù, mo wọ inú Play Store, mo rí i pé áàpù ń ṣe update fúnra wọn. Mo pa á. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ “Don't auto-update apps” sí, mo dá fóònù padà fún wọn, wọ́n fún mi ní ọ̀bọ̀kún ńlá méjì, mo gba hostel lọ. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ gidi.

Ẹ fi ìtàn yẹn síbẹ̀ ná, màá padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ búráúsà. Chrome, Safari, Firefox, Opera, Edge, gbogbo wọn ni mò ń bá wí. Nínú gbogbo áàpù orí fóònù yín, búráúsà ni èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa gba àlejò tí kò mọ̀ rí wọlé. Ojú ìwé tẹ́ ẹ bá ṣí, kì í ṣe ìwé lásán ló ń wọlé. Kóòdù ni ó ń kó bọ̀, kóòdù tí ẹlòmíràn kọ síbi tẹ́ ẹ ò dé rí, orí fóònù yín ló sì ti máa ń ṣiṣẹ́. Ohun tí kò jẹ́ kí àlejò yẹn gba pálọ̀ kọjá sí yàrá ni ògiri tí àwọn tó ṣe búráúsà mọ yí i ká. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìlà kóòdù ni ògiri yẹn, èèyàn ló sì kọ ọ́. Níbi tí èèyàn bá ti kọ nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ihò á wà níbẹ̀.

Ẹ wo ọ̀kan nínú irú ihò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ ààbò Apple pẹ̀lú àwọn olùwádìí Citizen Lab ti Yunifásítì Toronto ní Kánádà fi tó Google létí pé ihò kan wà nínú Chrome. Ibo ló wà? Inú apá tó ń ṣí àwòrán WebP ni. WebP ni irú àwòrán tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, torí pé kì í jẹ dátà púpọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ihò yẹn lè to àwòrán kan jọ lọ́nà àrékérekè, tó fi jẹ́ pé bí búráúsà bá ṣe ń ṣí i báyìí, kóòdù olè ti ráyè wọlé. Àwòrán lásán o! Ẹ ò tíì tẹ nǹkan kan, ẹ ò tíì kọ pásíwọ́ọ̀dù síbì kankan. Google sì sọ ní gbangba pé àwọn kan ti ń lo ihò náà kí àwọn tó rí i dí. Ní ọjọ́ 11, Chrome ti gbé update jáde. Ní ọjọ́ 12, Firefox gbé tiwọn jáde, nítorí pé kóòdù WebP kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Edge, Opera àti Brave náà ní láti ṣe é, torí ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n fi kọ́ ilé àwọn àti Chrome.

Ọjọ́ márùn-ún láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ títí di ìgbà tí wọ́n dí i. Wọ́n gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò ni pé tí wọ́n bá ti dí ihò, ewu ti dínkù. Fún ẹni tó bá gba update, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ẹni tí kò gbà á, ńṣe ni ewu ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ní bàbá kan ń ta àgádágodo lọ́jà Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ti tà á fún ọgọ́rùn-ún méjì ilé. Lọ́jọ́ kan ló wá rí i pé bí èèyàn bá fi ìdí ṣíbí gbá àgádágodo náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń ṣí. Ọmọlúàbí ni bàbá yìí. Ó ní kí akéde lu agogo láti Òkè-Àgbò dé Àtìkòrí: “Gbogbo ẹni tó ra àgádágodo lọ́wọ́ mi, ẹ wá gba òmíràn, ọ̀fẹ́ ni o. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ṣíbí lásán ló ń ṣí i!” Ṣé ẹ rí i pé olè náà ní etí? Kí agogo tó dún, bóyá olè kan péré ló mọ àṣírí náà. Lẹ́yìn agogo, gbogbo olè ìlú ti mú ṣíbí dání. Ẹni tó bá ti lọ pààrọ̀ tiẹ̀ lè sùn. Ẹni tó ní “màá lọ tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀” ni wọ́n ń wá kiri.

Bí update ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ Chrome, Chromium ni wọ́n ń pè é, gbogbo ayé ló lè ka kóòdù rẹ̀. Tí wọ́n bá tún ibì kan ṣe níbẹ̀, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ lè fi ti àná wé ti òní, kó sì mọ ibi tí ihò wà gan-an. Google fúnra wọn sọ ọ́ lọ́dún 2023: wọ́n ní nígbà kan, láti ọjọ́ tí àtúnṣe bá ti wọ inú kóòdù gbangba yẹn títí di ọjọ́ tó máa dé ọwọ́ aráàlú, ó máa ń tó ọjọ́ 35 ní ìpíndọ́gba. Wọ́n gé e kù sí bíi ọjọ́ 15. Ìyẹn náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe ààbò jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìgbà Chrome 116, ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń ṣe kàyéfì pé “Kí ló dé tí Chrome ń fẹ́ update ní gbogbo ìgbà, ṣé wọn ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó tán ni?”, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Eré ni wọ́n ń bá olè sá. Ẹni tó bá wá pa update tì fún oṣù mẹ́fà, kì í ṣe oṣù mẹ́fà ló fi sẹ́yìn. Agogo ti dún lórí rẹ̀ ní ìgbà bíi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ta ni wá, tí ẹnì kan á fi máa wá wa kiri? Òótọ́ ni pé èyí tó le jù nínú ihò wọ̀nyí, àwọn ẹni ńlá ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ fi í dọdẹ. Ní ọdún 2023 yẹn náà, ní Íjíbítì, Ahmed Eltantawy, aṣòfin àtijọ́ tó fẹ́ díje fún ipò ààrẹ, ń lo fóònù rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà tó bá ṣí ojú òpó tí kò ní HTTPS, wọ́n á ti lójú ọ̀nà darí fóònù rẹ̀ síbi tí wọ́n dẹ pàkúté sí, kí áàpù amí tí wọ́n ń pè ní Predator lè wọ̀ ọ́. Ihò inú Safari wà lára ohun tí wọ́n lò. Apple dí i ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ná owó ńlá láti rí ọ̀nà yẹn kí agogo tó dún. Lẹ́yìn agogo, kò wọ́n mọ́. Ohun tí ìjọba ń fi owó gọbọi rà lóṣù yìí, ọmọ yahoo lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá ṣe díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ máa ń kan àwa tí a ò jẹ́ nǹkan kan, tí a kàn ní ₦15,000 nínú áàpù báńkì.

Ó dáa, kí ló ń fà á tí fóònù wa kì í fi í gba update? Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni àwa ọ̀dọ́. Mi ò gbà. Bí wọ́n ṣe sábà ń ṣètò fóònù Android láti ilé iṣẹ́, kí áàpù tó ṣe update fúnra rẹ̀, ó ń retí kí nǹkan mẹ́ta pàdé: kí fóònù wà lórí Wi-Fi, kó wà lẹ́nu ṣáájì, kí ẹnikẹ́ni má sì máa lò ó. Ẹni tó ṣe ètò yìí, lọ́kàn rẹ̀, ẹnì kan ló ń sùn lóru, iná wà, Wi-Fi ilé wà. Ẹ wá gbé fóònù yẹn lọ sí Abígi tàbí Ìwòpin. Wi-Fi wo? Dátà tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń lò. Iná ńkọ́? Ilé ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ti lọ ṣáájì, wọ́n sì ti pa fóònù kó lè tètè kún. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kì í pàdé láyé. Fóònù náà lè lo ọdún méjì kó máà ṣe update kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á. Ní Àgọ́-Ìwòyè pàápàá, mélòó nínú wa ló ní Wi-Fi nílé? Ká tó wá sọ pé NCC fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn iléeṣẹ́ fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi dátà ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Update kì í ṣe dáńlóòdù tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Play Store máa ń gbìyànjú láti fi kìkì ibi tó yí padà ránṣẹ́, kì í ṣe gbogbo áàpù. Kì í ṣe gbogbo áàpù náà ló sì yẹ kẹ́ ẹ fi dátà ṣe. Géèmù lè dúró. Áàpù tẹ́ ẹ fi ń ya fọ́tò kí irun ojú lè dúró dáadáa, ó lè dúró. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo ń ṣí Play Store fúnra mi ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, mo ń tẹ àwòrán orí mi lókè lápá ọ̀tún, mo ń wọ “Manage apps & device”, mo sì ń wo èyí tó ń retí update. Búráúsà mi ni mo ń kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà Android System WebView, lẹ́yìn náà WhatsApp àti áàpù báńkì. Ó tán. Tí mo bá ní dátà òru, mo lè ṣe ti àwọn yòókù. Ọ̀rẹ́ tó bá ní dátà lè tan hotspot fún yín.

WebView yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bi mí pé kí ni, torí kò ní àwòrán kankan tí wọ́n lè tẹ̀ lójú fóònù. Búráúsà tí kò ní ojú ni. Tẹ́ ẹ bá wà nínú áàpù kan, tó wá ṣí ojú ìwé fún yín nínú ara rẹ̀ láìgbé yín lọ sí Chrome, WebView ló sábà ń ṣe é. Ihò tó bá wà nínú Chrome sábà máa ń wà nínú òun náà. Ẹ má ṣe yọ ọ́, ẹ má ṣe pa á, àní bí ẹnì kan lórí TikTok bá sọ pé amí ni.

Ẹ̀yin oní-iPhone, ẹ má rẹ́rìn-ín. Tiyín tún yàtọ̀. Lórí iPhone tí à ń lò níbí, Chrome tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀, Firefox tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì Safari ló wà nínú gbogbo wọn. WebKit ni orúkọ rẹ̀. Inú iOS ló ń gbé. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ṣe update Chrome ní App Store lójoojúmọ́ ayé, tẹ́ ẹ ò bá ṣe update iOS, ihò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra UK used, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè pé iOS wo ló lè gbà mọ. iPhone 7 dúró sí iOS 15. iPhone 8 àti X dúró sí iOS 16. Apple máa ń sọ àtúnṣe ààbò sílẹ̀ fún àwọn àgbà wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá wù wọ́n, èmi ò lè gbé owó mi lé ìyẹn.

Ti Android náà ní òpin. Chrome 138 ni ìkẹyìn fún Android 8 àti 9. Láti Chrome 139, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Android 10 ló kéré jù. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé Play Store ò ní pè yín sí kọ̀rọ̀ kó sọ fún yín. Ẹ ò kàn ní rí update mọ́ ni, ẹ ó sì rò pé ohun gbogbo ti pé. Ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “About phone” sí, ẹ wo nọ́ńbà Android yín lónìí. Tó bá jẹ́ 8 tàbí 9, tí owó fóònù tuntun kò sì tíì sí, Firefox ṣì ń gbé update jáde fún wọn lásìkò tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ló sì ń lò. Kò tán ìṣòro, torí fóònù fúnra rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ó sàn ju ilẹ̀kùn tí wọn ò ní tún ṣe mọ́ lọ.

Díẹ̀ lórí Opera Mini, torí mo mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ràn ní Waterside níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe bí ẹni tó ń sùn. Tẹ́ ẹ bá tan èyí tó ń fún dátà pọ̀ jù lọ níbẹ̀, ojú ìwé yín á kọ́kọ́ gba orí kọ̀ǹpútà Opera kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un pọ̀. Ó dáa fún kíka ìròyìn. Fún báńkì, ẹ pa á ná.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kan bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lára díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ OOU àti ẹ̀yin ọmọ Abraham Adesanya Poly, ẹ mọ àwọn kọ̀ǹpútà tí mò ń wí, èyí tá a fi ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, tá a fi ń wo rìsọ́ọ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà lórí Windows 7. Chrome 109, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023, ni ìkẹyìn tó ṣiṣẹ́ lórí Windows 7. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà kan lókè Chrome tó ń sọ pé kò sí update mọ́ àfi tí wọ́n bá gbé Windows 10 tàbí èyí tó jù ú lọ síbẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé àgádágodo oní-ṣíbí lẹ wà. Ẹ tẹ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí ímeèlì yín níbẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan báńkì. Tó bá di dandan pé kẹ́ ẹ wọ pọ́tà ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó délé, ẹ fi fóònù yín yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní láptọ́ọ̀pù tiyín náà, Chrome máa ń gba update sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n kò ní wọlé àfi tẹ́ ẹ bá pa búráúsà tẹ́ ẹ sì tún un ṣí. Ẹni tó ṣí tábù mẹ́tàdínlógójì láti oṣù tó kọjá nítorí projẹ́ẹ̀tì, ìwọ ni mò ń bá wí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àǹtí mi.

Lọ́dún tó kọjá, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n pè mí. Ohùn wọn kò rí bó ṣe máa ń rí. Wọ́n ní, “Wọ́n ti kó owó ẹja mi lọ.” ₦86,000. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọn ì bá fi lọ sí Ìwòpin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọ́n tẹ líǹkì kan tí ẹnì kan fi sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wọn. Ojú ìwé náà ṣí, nǹkan kan wá bò ó mọ́lẹ̀, pẹ̀lú àmì Chrome lórí, pé búráúsà wọn ti gbó, kí wọ́n tẹ ibí kí wọ́n ṣe update kíákíá. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òótọ́ ni ojú ìwé yẹn sọ. Búráúsà wọn ti gbó lóòótọ́. Èmi ni mo pa á. Wọ́n sì ti ń rí i fúnra wọn pé àwọn ojú òpó kan kì í ṣí dáadáa mọ́. Nígbà tí ojú ìwé yẹn wá ní update ni ìṣòro, ó bá wọn lára mu. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n gba áàpù láti ibi tí fóònù ò mọ̀ láyè, wọ́n gbà. Ó ní kí wọ́n tan Accessibility, wọ́n tàn án. Accessibility yẹn, nítorí àwọn tí ojú ń dùn ni wọ́n ṣe é, kí fóònù lè máa kàwé sókè fún wọn, kó sì máa bá wọn tẹ nǹkan. Áàpù tó bá gba àyè yẹn lè ka gbogbo ohun tó wà lójú fóònù, títí dé OTP, ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì “Send”.

Kì í ṣe àǹtí mi nìkan ni wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, NCC kìlọ̀ fún gbogbo Nàìjíríà nípa FluBot, èyí tó ń gba orí SMS wọ fóònù Android, tó ń ji nọ́ńbà báńkì, tó sì ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù. Ara ọgbọ́n tí FluBot lò lọ́dún yẹn ni pé ó máa ń ṣí ojú ìwé kan fún èèyàn pé “FluBot ti wọ fóònù rẹ, gba update ààbò yìí kó lè jáde.” Update ààbò yẹn ni FluBot gan-an! Ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ló para pọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Europol kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, iléeṣẹ́ ThreatFabric ní Netherlands tún sọ̀rọ̀ òmíràn, Brokewell, tó jẹ́ pé ojú ìwé ayédèrú update Chrome ló fi ń mú èèyàn. Bí ti àǹtí mi ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè búra pé òun náà ni.

Ojú ìwé kankan kò lágbára láti ṣe update búráúsà yín. Kò sí èyí tó lè ṣe é. Lórí Android, Play Store ni. Lórí iPhone, Settings ni. Lórí kọ̀ǹpútà, inú Chrome fúnra rẹ̀ ni: àmì kékeré mẹ́ta lókè, “Help”, “About Google Chrome”, ó máa wá a fúnra rẹ̀. Tí ojú ìwé kan bá pariwo update sí yín lójú, ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ sí Play Store lọ wò ó. Update tòótọ́ kì í pariwo. Ká ní mi ò pa ti àǹtí mi ni, jẹ́ẹ́ ni ìbá máa wọlé, wọn ì bá tí wá a lọ síbòmíràn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, a pe báńkì, wọ́n ti àkáǹtì pa. Mo ní kí wọ́n yọ sím, kí wọ́n pa fóònù. Nígbà tí mo délé, mo gba fọ́tò ọmọ wọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, mo pa gbogbo nǹkan inú fóònù náà rẹ́ kó padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n rà á, a sì yí gbogbo pásíwọ́ọ̀dù padà lórí fóònù mi. Owó náà ò padà. Mo san díẹ̀ nínú rẹ̀, mo ṣì ń san án. Mo tún kọ nọ́ńbà USSD tí báńkì wọn fi ń ti àkáǹtì pa sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì tí wọ́n ń kó ẹja sí. Kí ẹ̀yin náà wá ti báńkì yín lónìí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbi tí kì í ṣe inú fóònù.

Mo sì tan update wọn padà. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo pa á nígbà yẹn. Wọ́n wò mí, wọ́n ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Ṣé nítorí ẹja méjì yẹn náà ni?”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún pè mí láti etí omi, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ wọn.

“Ó tún ti ní kí n ṣe update o.”

Mo ní, “Àǹtí, ibo lẹ ti rí i? Ṣé inú ojú ìwé ni?”

“Inú Play Store ni. Èmi ni mo wá a lọ.”

“Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó pè ọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà ti ṣe tìẹ ni.”

Mi ò tíì ṣe é. Lórí fóònù yẹn náà ni mo wà tí mo fi ṣí Play Store.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn áàpù tó ń yáni lówó la máa sọ, ẹni tí wọ́n ti fi ṣẹ̀sín fún gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ̀ rí, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó dàbọ̀ o.